Pátákó Máàkì Níwájú Ṣọ́ọ̀bù Mi

Ọjọ́ Ẹtì, 4 oṣù Keje, 2025

Bàbá Dámisọ́lá, ó pé ọjọ́ mọ́kànlélógójì lónìí tí a sin yín. Àwọn ará ilé ti lọ tán. Dámisọ́lá padà sí Abẹ́òkúta lánàá. Ó ní tí ilé bá dákẹ́ jù, kí n máa kọ nǹkan sílẹ̀. Mi ò mọ ẹni tí mo lè kọ ọ́ sí, bí kò ṣe ẹ̀yin.

Òjò rọ̀ láti àárọ̀. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà kan ṣoṣo ló wá, ó fẹ́ kí n tú ẹ̀gbẹ́ búláòsì fún òun. Òwú ti tún gbówó lórí.

Ní ọ̀sán, Alhaji Àlíyù pè mí láti Ṣàgámù. Ó kọ́kọ́ kí mi kú àṣẹ̀yìndè, ó béèrè oúnjẹ tí mo jẹ, lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó wà níkùn rẹ̀. Ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ọmọbìnrin Rẹ́mọ yóò wáyé ní ìparí oṣù Kẹjọ, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ti ju agbára òun lọ. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ni òun lè gbà, kì í ṣe márùn-ún mọ́.

"Pátákó ọkọ yín ni màá lò," ó ní. "Mẹ́rin tó wà lókè. Lọ́dún tó kọjá ó ní Ṣàgámù ló máa gba ife, Ṣàgámù náà ló gbà á. Kí ni mo tún ń wá kiri?"

Lẹ́yìn tó gbé fóònù sílẹ̀, mo bọ́ sí fàráǹdà lọ wo pátákó tí ẹ fi ń to máàkì àwọn ẹgbẹ́. Ọwọ́ ìkọ̀wé yín ló ṣì wà lórí rẹ̀. Ṣàgámù 150. Ìkẹ́nnẹ́ 130. Ìperu 105. Ìlárá 70. Ìpara 45.

Ìpara ló máa já.

Ọjọ́rú, 9 oṣù Keje

Òjò lé àbúrò yín Ọmọ́bọ̀wálé wọ abẹ́ fàráǹdà, tòun ti ọ̀kadà rẹ̀. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Alhaji. Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tó ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin Ìlárá ìlú wa ní bọ́ọ̀lù, kò sí ohun mìíràn lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ ṣeun o. Ẹ ti gbé wa wọlé."

"Èmi kọ́, ọkọ mi. Pátákó ni."

"Ó dáa, pátákó náà ni mò ń kí." Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún pátákó, nínú ẹrẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Ó yà mí lẹ́nu pé mo rẹ́rìn-ín.

Bí a ṣe wà níbẹ̀ ni bọ́ọ̀sì Tawfiq dúró láti já èrò. Tawfiq ará Ìpara ni, ẹni tó ń ná ọ̀nà Ìpara sí Ṣàgámù lójoojúmọ́. Ọmọ́bọ̀wálé ò jẹ́ kó simi.

"Bàbá Ràbíátù! Ẹ wo ìsàlẹ̀ pátákó dáadáa o. Díẹ̀ ló kù kí ìlú yín jábọ́ sínú gọ́tà."

Tawfiq ò bínú. Ó yọ orí síta, ó wo pátákó náà bí ẹni tó ń wo àmì ojú ọ̀nà. "Mò ń rí i lójoojúmọ́ tí mo bá ń kọjá. Ọmọ mi ló ń ṣọ́lé fún wọn. Mo ti sọ fún un pé ọdún yìí ni mo fi mọ. Ẹni tó bá ń gbé ìsàlẹ̀ láti ọdún mọ́dún, kó yáa wá iṣẹ́ mìíràn kọ́."

Ó wa bọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ. Ọmọ́bọ̀wálé náà ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 oṣù Keje

Obìnrin kan wá láti Ìpara. Mọ́fẹ́yìsára ni orúkọ rẹ̀, olùkọ́ ni. Láti oṣù Kìíní ló ti gba ẹgbẹ́ ọmọbìnrin ibẹ̀. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó kẹ́dùn, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí.

Kò bẹ̀ mí. Ohun tó kàn béèrè ni bí ẹ ṣe ń ka máàkì.

Mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Ọgọ́rùn-ún ni gbogbo ẹgbẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ kan bá na ẹni tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, á gba mẹ́wàá lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá na ẹni tó wà lókè rẹ̀, á gba ogún. Ẹgbẹ́ tí kò bá wá sí pápá á fún ẹni tó yẹ kó bá gbá ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni àwa ò wá, mà?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì. Ìkẹ́nnẹ́ ló yẹ kí ẹ bá gbá lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ìlárá ni lọ́dún tó kọjá."

"Kí ló dé tí a ò wá?"

Mi ò mọ̀. Òun náà ò mọ̀. Ó ní àgùnbánirọ̀ kan láti òkè Ọya ló ń kọ́ wọn nígbà náà, ó sì ti parí ìsìnrú ìlú rẹ̀, ó ti lọ. Nígbà tí òun bi àwọn ọmọ léèrè, wọ́n ń wo ara wọn.

Kó tó lọ, ó sọ̀rọ̀ Ràbíátù, ọmọ Tawfiq. Ó ní òun kò rí aṣọ́lé tó tó o rí ní gbogbo Rẹ́mọ. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù obìnrin kan ní Abẹ́òkúta ń gba ọmọ lọ́dọọdún, wọ́n sì ti ní kó wá lọ́dún tó ń bọ̀, tó bá pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti ní tí Ìpara kò bá ti sí nínú ìdíje ọdún yìí, ó parí. Ìjẹ̀bú-Òde ló máa lọ, lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ tó ń ṣe búrẹ́dì.

Mo ní, "Ọmọ mi, ohun tí ọkọ mi kọ ni mo ń tọ́jú. Mi ò lè fọwọ́ kàn án."

"Mo gbọ́, mà," ó ní. Ó kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó lọ.

Ọjọ́rú, 16 oṣù Keje

Òjò. Tòmátò wọ́n, ata nìkan ni mo fi se ọbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 17 oṣù Keje

Mò ń wá ṣọ́ọ̀kì nínú dúróà, mo rí káàdì tí wọ́n fi ń kọ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín sílẹ̀. Oṣù Kejì, ó dára. Oṣù Kẹta, ó dára. Oṣù Kẹrin, ó dára gan-an, nọ́ọ̀sì tilẹ̀ fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀ láti fi yìn yín. Ọkàn mi máa ń balẹ̀ tí mo bá wo káàdì yìí.

Kò parọ́. Ohun tó rí lọ́jọ́ tí wọ́n wò yín ló kọ. Oṣù Karùn-ún ni kò tíì rí.

Mo dá a padà sínú dúróà. Mo rán aṣọ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 oṣù Keje

Wọ́n ti kéde látàná pé Orò á jáde ní Ìlárá lónìí. Láti òwúrọ̀ ni mo ti ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Mo jókòó síbi ẹ̀rọ ìránṣọ, mi ò tẹ̀ ẹ́, torí kò yẹ kí ó pariwo. Mo ń fi ọwọ́ ṣẹ́ etí aṣọ.

Ọmọ́bọ̀wálé ń kọjá níta, ọkùnrin ni, kò sí ohun tó kàn án. Ó gbóhùn sókè lẹ́yìn fèrèsé: "Ìyàwó wa, ṣé ẹ wà dáadáa? Èmi nìkan ni mo wà ní pápá o. Mo ti gbàgbé pé àwọn ọmọ mi ò lè jáde lónìí!"

Ó fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó lọ. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

Bàbá Dámisọ́lá, mo rántí ọjọ́ tí ẹ ti Ìpara dé lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀yin ni rẹfirí. Ẹ bọ́ bàtà yín síbi ilẹ̀kùn, ẹ ní, "Wọn ò wá. Kò sí ẹnì kan ní pápá. Ọkọ̀ àwọn ọmọ tiwa rì sínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn odi ìlú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dúró. Mo dúró, mo dúró, mo fọn fèrè." Ẹ wá ní ìlú náà dákẹ́ lọ́nà kan, pé ẹ ò rí obìnrin kan lójú pópó, débi pé ẹ ò rí ẹni ra omi lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bu omi fún yín. Ẹ mu ún. A sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ẹ sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Mo sì gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 20 oṣù Keje

Lẹ́yìn ìsìn mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìpara, mo lọ bá Bàbá Ọ̀jẹ̀wálé nínú oko wọn. Ẹ mọ̀ wọ́n, àwọn ló máa ń fún yín ní iṣu tí ẹ bá lọ fọn fèrè. Wọ́n ń kọ ebè. Mo kúnlẹ̀, mo ní mo fẹ́ béèrè nǹkan, kí wọ́n má bínú, mi ò béèrè ohun tí kò tọ́ sí obìnrin. Ọjọ́ tí wọ́n kéde ìṣéde nìkan ni mo fẹ́ mọ̀.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn kì í ṣe awo. A kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé."

Mo sọ oṣù àti ọ̀sẹ̀ tí ẹ lọ. Wọ́n ronú. Wọ́n ní ọjọ́ náà gan-an ni Orò jáde. Wọ́n ní ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀ náà bọ́ sí ọjọ́ bọ́ọ̀lù, àwọn rántí nítorí pé ọkọ̀ àwọn ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ dé ẹnu odi ìlú, àwọn ọkùnrin sì sáré lọ dá a padà torí obìnrin ló wà nínú rẹ̀.

"Ẹni tó mú ọjọ́ yẹn," wọ́n ní, "ṣé kò ní ìyàwó nílé ni?"

Àwọn ìgbìmọ̀ tó ń mú ọjọ́, ọkùnrin ni gbogbo wọn, Ṣàgámù ni wọ́n ń gbé. Ọmọ ìlú mìíràn ni àgùnbánirọ̀, kò mọ bí a ṣe ń kọ irú rẹ̀ sílẹ̀, ó ní láti jẹ́ pé ó kàn kọ ọ́ pé wọn kò lè wá. Ẹ̀yin náà fọn fèrè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 oṣù Keje

Mo dúró níwájú pátákó pẹ́. Lẹ́yìn náà mo fi aṣọ tútù nu 45 tí ẹ kọ. Mo gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún padà lọ́wọ́ Ìkẹ́nnẹ́, mo gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún padà lọ́wọ́ Ìlárá, mo dá a fún Ìpara.

Ṣàgámù 150. Ìkẹ́nnẹ́ 115. Ìperu 105. Ìpara 75. Ìlárá 55.

Mo wò ó tán kí n tó mọ ohun tí mo ṣe. Mo ti lé ìlú wa jáde.

Ọjọ́rú, 23 oṣù Keje

Àwọn ará Ìlárá dé lówùúrọ̀. Ọmọ́bọ̀wálé ló ṣáájú.

"Ìyàwó wa, ta ló wá fi ọwọ́ kan iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi?"

"Èmi ni."

"Ìpara ló bí yín ni? Èló ni wọ́n san?"

"Ọkọ mi, ẹ jókòó." Mo sọ ọ̀rọ̀ Orò fún un. Ó jókòó. Òun fúnra rẹ̀ ló wà ní pápá ní Àbámẹ́ta láìsí ọmọ kankan. Kò lè sọ pé kò yé òun.

Ó ní, "Ó dáa. Wọn ò kùnà. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ wá mọ̀ pé wọn ì bá nà wá? Ẹ ti gba máàkì lọ́wọ́ wa fún bọ́ọ̀lù tí ẹnikẹ́ni ò gbá."

Mo bọ́ sí fàráǹdà, mo tún wo 75 àti 55.

Mo pe Alhaji lọ́sàn-án, mo ṣàlàyé. "Ó ti yé mi," ó ní. "Ìpara wọlé, Ìlárá jáde. Pátákó ti sọ̀rọ̀." Ó rọrùn lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 oṣù Keje

Mo lọ sí Ṣàgámù. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, a pẹ́ kí a tó dé. Inú ilé obì Alhaji ni mo ti bá a, láàárín agbọ̀n àti ewé. Ẹrù obì kan wà nílẹ̀, àwọn obìnrin jókòó yí i ká, wọ́n ń ṣà á sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Àwọn tó tóbi tó sì ń dán ni ọ̀wọ́ kìíní.

Mo ní, "Alhaji, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí Ìlárá àti Ìpara gbá eléyìí tí wọn ò gbá lọ́dún tó kọjá. Ẹni tó bá borí ni kó wọlé."

"Kí ló ṣe pátákó?"

"Pátákó ò mọ̀ ọ́n. Ogún máàkì ló wà láàárín wọn. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo lè yí i padà."

"Ìyá Dámisọ́lá, mo gbẹ́kẹ̀ lé pátákó yẹn torí pé ẹjọ́ pọ̀ nínú bọ́ọ̀lù. Tí mo bá ní pátákó ló wí, kò sí ẹni tó máa bá mi jà."

Mo wo àwọn agbọ̀n. "Alhaji, ọ̀wọ́ kìíní yìí, ṣé gbogbo rẹ̀ ló ń dé Kánò ní pípé?"

Kí ó tó dáhùn, Àmínà tó ń ṣa obì gbẹ́nu wọ̀ ọ́ láìgbójú sókè: "Gbogbo rẹ̀ kẹ̀! Kòkòrò ò mọ ọ̀wọ́ kìíní, mà. Alhaji fúnra wọn ló sunkún obì lọ́dún tó kọjá."

"Ta ló sunkún?"

"Ẹ ò sunkún. Omi ló já láti òrùlé sí yín lójú."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, Alhaji náà sì rẹ́rìn-ín. Ó bó obì kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó fún mi ní awẹ́ kan. "Kí wọ́n gbá a. Ní Ìlárá, torí pápá Ìpara ti kún fún omi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa sọ fún olùkọ́ Ìpara. Èmi ò sí níbẹ̀."

Ọjọ́ Ajé, 28 oṣù Keje

Mo sọ fún Mọ́fẹ́yìsára lórí fóònù.

"Mà, ẹ fún wa ní nǹkan, ẹ tún ń gbà á padà?"

"Mi ò fún yín ní nǹkan kan, ọmọ mi. Mo kàn yọ ohun tí kò tọ́ kúrò lórùn yín ni. Ìyókù, mi ò mọ̀ ọ́n."

"Àwọn ọmọ mi ti jó ní Ìpara lánàá." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ Bàbá Ọ̀jẹ̀wálé kí ẹ tó mú ọjọ́."

Mo ti béèrè.

Ọjọ́bọ̀, 7 oṣù Kẹjọ

Òjò. Ẹnikẹ́ni tó bá kọjá ló ń bi mí pé ta ló máa borí. Mo ní ẹ lọ bi pápá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 oṣù Kẹjọ

Mo lọ. Ní gbogbo ọdún tí a fi jọ gbé, ẹnu yín ni mo ti ń gbọ́ bọ́ọ̀lù. Mo mú àpótí lọ láti jókòó, ṣùgbọ́n mi ò jókòó.

Òjò ti dá láàárọ̀, omi sì dúró káàkiri pápá. Rẹfirí láti Ìsarà ló fọn fèrè. Àwọn ọmọ Ìlárá ló ń gbá a jù. Ràbíátù ga, ó tínrín, ó wọ ìbòrí dúdú àti ìbọ̀wọ́ tó tóbi jù ú lọ. Gbogbo ohun tí wọ́n gbá sí i ló ń mú. Wọ́n fún Ìlárá ní pẹnáátì, àwọn ará ìlú wa ti ń jó, ó fò, ó fi ìka gbá a síta. Ọmọ́bọ̀wálé fi fìlà lu ilẹ̀. Mo rí i pé mo ti pariwo, mi ò sì mọ ẹni tí mo pariwo fún.

Bí ó ti ń lọ sópin, ọmọ Ìpara kan fẹ́ dá bọ́ọ̀lù padà fún Ràbíátù. Bọ́ọ̀lù náà dé inú omi, ó dúró gbọnin. Ọmọ Ìlárá ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ó gbá a wọlé. Òdo sí ọ̀kan. Ó parí bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọ Ìpara sunkún. Ràbíátù ò sunkún, ó jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ń bọ́ ìbọ̀wọ́. Mi ò mọ bí mo ṣe máa dojú kọ Mọ́fẹ́yìsára, òun ló wá bá mi.

"Ẹ kọ ọ́, mà," ó ní. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Eléyìí, a wà níbẹ̀. Wọ́n nà wá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Nígbà náà ni Tawfiq kọjá sọ́dọ̀ wa. Ó ti gbé bọ́ọ̀sì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ pápá láti ìbẹ̀rẹ̀, kò gbé èrò. Mọ́fẹ́yìsára sọ fún mi lẹ́yìn náà pé kò wá wo ọmọ rẹ̀ rí.

"Ẹ̀yin lẹ ni pátákó yẹn?"

"Ọkọ mi ló ni ín."

"Kò sọ fún mi pé ọmọ mi lè fò báyẹn."

"Kò sí ibi tí a ti ń kọ ìyẹn sí, Bàbá Ràbíátù."

Ó ń wo ọmọ náà lọ́ọ̀ọ́kán. Mo dúró kó sọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ó bi Mọ́fẹ́yìsára pé, "Ọjọ́ wo ni ẹ tún máa gbá?"

"Kò tíì sí ọjọ́, sà. A ò sí nínú ìdíje."

"Tí ó bá wà, ẹ sọ fún mi. Kí n lè gbé wọn. Ẹ má lọ wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn."

Ọjọ́ Àìkú, 17 oṣù Kẹjọ

Ìlárá gba ogún lọ́wọ́ Ìpara. Ìlárá 75. Ìpara 55. Ẹni tó bá kọjá nínú ọkọ̀ á rò pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù Kẹsàn-án

Ìdíje parí lánàá. Ṣàgámù na Ìlárá ní mẹ́ta sí òdo, pátákó mọ ìyẹn. Ìperu na Ìkẹ́nnẹ́, wọ́n wá na Ṣàgámù, wọ́n gba ife. Nínú gbogbo àwọn tó ń jiyàn ní fàráǹdà mi, kò sí ẹni tó dárúkọ Ìperu rí, àfi obìnrin kan tí wọ́n bí síbẹ̀.

Alhaji pè mí. "Pátákó yín já mi kulẹ̀ o."

"Alhaji, kò ṣèlérí fún yín."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ó ní tí obì bá ta dáadáa, márùn-ún ni lọ́dún tó ń bọ̀, kí gbogbo wọn wá. Ó ní ta ni mo rò pé ó máa gbà á. Mo ní mi ò rò ó.

Ìperu fẹ́ gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ pẹ̀lú Ìpara lọ́jọ́ kẹtàlá oṣù yìí. Ìṣéde kò sí ní ìlú méjèèjì. Tawfiq dúró lówùúrọ̀ yìí láti sọ fún mi pé àyè kan wà nínú bọ́ọ̀sì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ òun.

Èmi ni màá lọ, Bàbá Dámisọ́lá. Bí wọ́n bá ti ń gbá a, màá máa lọ wò wọ́n, màá sì máa kọ ohun tí mo bá rí.